Ta ló yan orin tó dára jù? Ọ̀rọ̀ àkójọ orin Poly-Rythmo ti Kútọnu

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbádárìgì. Mo mọ̀ pé orin àwọn ará Kútọnu ni wọ́n fi ṣe ọ̀dọ́, ni mo bá yọ fóònù, mo tẹ orin kan nínú àkójọ Orchestre Poly-Rythmo tí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ṣe, mo gbé e sún mọ́ etí wọn. Wọ́n tẹ́tí. Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga. Nígbà tí orin kẹta máa fi parí, wọ́n ní, "Àwọn náà ni, mo mọ ohùn wọn. Àmọ́ èyí kọ́ la fi ń náwó o."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí òun gan-an ni àwọn tó ń ra àwo orin ilẹ̀ Áfíríkà àtijọ́ ń bá ara wọn fà báyìí. Ẹgbẹ́ kan gbé orin tí wọ́n ní ó tó 500 jáde. Ẹnì kan ti òkèèrè wá, ó ṣa mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀, ó kó o sínú àwo kan, ayé sì gbà pé ojúlówó iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ta ló ní kó yàn? Owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé ńkọ́, àpò ta ló ń lọ?

Mélomé Clément ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Kútọnu lọ́dún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dàhómì. (Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n wá sọ ọ́ lọ́dún 1975 ni mò ń wí, kì í ṣe Ìbìní àwọn ọmọ Ẹdó.) Eskill Lohento àti Vincent Ahehehinnou wà nínú àwọn tó ń kọrin, Bernard Zoundegnon tí wọ́n ń pè ní Papillon ló ń ta gìtá, Gustave Bentho ló wà nídìí gìtá béèsì, Léopold Yehouessi sì ni onílù. Wọ́n tún fi "Tout Puissant" kún orúkọ wọn, ìyẹn ni pé alágbára gbogbo ni wọ́n. Ẹnu wọn gbà á. Kò sí irú orin tí èèyàn lè béèrè níbi ijó lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tí wọn ò ní lù.

Ìlú èbúté ni Kútọnu. Ojú kan náà ni akọ̀wé ìjọba, oníṣòwò, awakọ̀ òkun àti ọmọ ilé-ìwé ń bá ara wọn lóru. Èyí fẹ́ orin Faransé, èyí fẹ́ rúńbà Kóńgò, èyí fẹ́ pachanga tó ti Kúbà wá, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ kí olórin máa ké bíi James Brown. Èkó ò jìnnà, afrobeat Fẹlá ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìsí ìwé ìrìnnà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jẹun nírú ìlú bẹ́ẹ̀, àfi kó mọ gbogbo rẹ̀ lù. Ohun tí àwọn òyìnbó wá ń pè ní àdàlù orin lónìí, ọ̀ràn ọjà ló bẹ̀rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀ràn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rárá.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ mìíràn ni pé wọ́n mú ìlù vodun, ìyẹn ìlù òrìṣà ilé wọn, wọ inú fọ́ǹkì, irú orin tí James Brown ń kọ. Méjì ló lókìkí jù. Àkọ́kọ́ ni ìlù Sakpata, ìyẹn òrìṣà tí Yorùbá ń pè ní Olóde, tí àgbàlagbà kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an bọ́rọ̀ nítorí ilẹ̀ gbígbóná. Èkejì ni Sato, ìlù ńlá tó ga tó èèyàn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù ní ìdúró níbi ayẹyẹ ìrántí àwọn tó ti kú. Ẹ̀gùn Àgbádárìgì kankan ò nílò kí n ṣàlàyé Sato fún un. Ohun tí Poly-Rythmo ṣe ni pé wọ́n gba bí ìlù wọ̀nyí ṣe ń rìn, wọ́n pín in fún onílù, gìtá àti béèsì, wọ́n wá fi dùrù oníná lé e lórí. Bí ẹni tó mọ ìlù náà bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé fọ́ǹkì kan tó ń kọsẹ̀ díẹ̀ lòun ń gbọ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe àkójọ orin tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ wo ti Sly and the Family Stone, àwọn náà tí wọ́n da fọ́ǹkì, rọ́ọ̀kì àti sóòlù pọ̀. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ Epic ń retí àwo tuntun lọ́wọ́ wọn, Sly ò sì tètè gbé e wá. Ni ilé-iṣẹ́ bá kó àwọn orin tó ti ń tà jọ, wọ́n fi mẹ́ta tí kò tíì sí lórí àwo ńlá kankan kún un, wọ́n tà á ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwo yẹn dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard, ó sì tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ títí di òní. Kò sẹ́ni tó nílò láti jiyàn nípa bí wọ́n ṣe yan orin inú rẹ̀, torí rédíò àti ojú ọjà ti yàn án ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní téèpù gbogbo, àkọsílẹ̀ bí àwo ṣe tà sì wà nínú fáìlì rẹ̀.

Kútọnu ò ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn Poly-Rythmo jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Albarika Store, tí Adissa Seidou ni ín. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, kò yẹ kí wọ́n ṣe àwo fún ẹlòmíràn. Bí Albarika bá fẹ́ ṣe àwo gidi, Èkó ni wọ́n ń kó ẹgbẹ́ náà lọ, sí sítúdíò EMI, níbi tí ẹ̀rọ tó péye wà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: ìrìn-àjò, oúnjẹ, owó sítúdíò, títẹ àwo, gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn Seidou. Àmọ́ àwọn olórin náà ní ìyàwó àti ọmọ. Bí ẹlòmíràn tó ní ilé-iṣẹ́ àwo kékeré bá kanlẹ̀kùn pẹ̀lú owó díẹ̀, wọ́n á yọ́ lọ lù fún un, wọ́n á sì padà sílé. Ìdí nìyẹn tí orin wọn fi fọ́n káàkiri sórí oríṣiríṣi àwo tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán.

Àwọn orin tí wọ́n yọ́ ṣe yìí kì í sábà rí sítúdíò. Ilé ẹnì kan ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ Nagra sí, ẹ̀rọ téèpù ti Switzerland tí àwọn oníròyìn rédíò ń gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan tàbí méjì. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Gbohùngbohùn kan ò lè dín ohùn ẹnikẹ́ni kù, nítorí náà ibi tí olúkúlùkù dúró sí ló máa pinnu bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Onílù á lọ jìnnà, á dúró ti ògiri ẹ̀yìn, onígìtá á wà láàárín, olórin á sún mọ́ ọn nígbà tó bá kàn án, á tún fà sẹ́yìn kí fèrè lè ráyè. Bí ẹnì kan bá ṣi ohùn gbé, ká tún un ṣe látorí ni. Wọn ò lè mú ohùn tó bàjẹ́ kúrò kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn sílẹ̀. Bí orin náà bá wá dún bíi pé ilé fẹ́ wó, kì í ṣe àìmọṣẹ́. Gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá náà ló wọ inú téèpù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Nígbà tí Samy Ben Redjeb, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ àwo Analog Africa sílẹ̀ ní Frankfurt, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo kiri ní Bẹ̀nẹ̀, orin inú yàrá yìí ló kọ́kọ́ fi síta, nínú The Vodoun Effect lọ́dún 2008. Èyí tí wọ́n ṣe ní sítúdíò Èkó fún Albarika, ìyẹn èyí tí owó pọ̀ lórí rẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àkójọ tiwọn. Ẹ̀kẹta jáde lọ́dún 2013. Ilé-iṣẹ́ àwo Soundway ti Ìlú Ọba ti ṣáájú gbogbo wọn pẹ̀lú The Kings of Benin Urban Groove lọ́dún 2004. Àkójọ mẹ́rin nìyẹn, fọ́ǹkì, afrobeat àti ìlù vodun ló sì gba iwájú nínú wọn.

Mi ò bá àwọn tó yàn án jà. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn, ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí ni ikán ì bá ti jẹ páálí rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ. Ẹni tó ń ra àwo ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Berlin ní 2004, dííjeè ni tàbí ẹni tó ń lọ síbi tí dííjeè ti ń lu orin. Ohun tó ń wá ni ìlù tó le, béèsì tó jinlẹ̀ àti igbe. Rúńbà oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí gìtá méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kò wúlò fún un lóru ọjọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tó bá ń yẹ àwo wò níwájú onílé, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì tó gbé wá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń fi abẹ́rẹ́ lé e lórí. Tó bá gbọ́ ìlù tó ta gìrì, àwo yẹn á lọ sápá ọ̀tún. Tó bá gbọ́ pachanga, apá òsì ni. Báyìí ni ìtàn orin odidi ìlú kan ṣe ń pín sí méjì.

Àwọn ará ibẹ̀ ò pín in bẹ́ẹ̀. Rúńbà àti pachanga ló ń jẹ́ kí ìyàwó àti ọkọ jó, kí àwọn àgbà dìde, kí owó wọlé sápò ẹgbẹ́. Fọ́ǹkì jẹ́ ti ọ̀dọ́, ó sì ní àyè tirẹ̀. Mi ò sọ pé kò tà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá gbọ́ àkójọ mẹ́rin yẹn nìkan á rò pé ẹgbẹ́ fọ́ǹkì ni Poly-Rythmo, tí wọ́n kàn ń fi nǹkan mìíràn ṣeré. Òdì kejì rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà wà níbẹ̀. Ní October 26, 1972, Mathieu Kérékou fi ìbọn gbàjọba. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó ní ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé. Ìjọba fẹ́ràn orin tó yin ìyíjọbapadà, àwọn ẹgbẹ́ sì kọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin kónílé-ó-gbélé ò jẹ́ kí ilé ijó rí oúnjẹ jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wá di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Papillon kú, Yehouessi náà kú, láàárín àkókò kúkúrú síra wọn. Gìtá àti ìlù ni òpó méjèèjì. Ẹgbẹ́ náà ò tú ká lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tó nǹkan bí ogún ọdún kí ẹni tó wà lókèèrè tó tún béèrè wọn.

Àkójọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n béèrè. Lóòótọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí bí mo ṣe sọ ti àbùkù rẹ̀. Oníròyìn rédíò ará Faransé kan, Elodie Maillot, ló gba iṣẹ́ alákòóso wọn, ìgbà tó sì di 2009, àwọn bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún gun orí ìtàgé ní Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbèésí ayé ẹgbẹ́ náà. Ogójì ọdún ó lé kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀! Ní 2011, wọ́n gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club, tí Angélique Kidjo bá wọn kọrin nínú rẹ̀, tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Franz Ferdinand ti Scotland náà sì dá sí. Mélomé Clément kú ní December 2012. Ó rí òkè òkun, ó sì rí i pé wọ́n mọ orin òun níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, òun ló le jù. Nínú orin kan tó wà lórí àwo, onílé mẹ́ta ló wà. Ẹni tó hun orin náà, tó ronú ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ tí wọ́n sì lù ú nínú yàrá ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Ẹni tó sanwó sítúdíò, tí téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí ohùn tí téèpù náà gbà. Bí ilé-iṣẹ́ òkèèrè bá fẹ́ fi orin náà sínú àkójọ, ọwọ́ ẹnì kẹta ló ti sábà máa ń gba àṣẹ ohùn inú téèpù, torí òun ló rọrùn láti rí tó sì lè buwọ́ lùwé. Onígìtá tó gba owó ojú ẹsẹ̀ ní 1973, tó sì ná an tán lọ́jọ́ kejì, kì í sábà ní bébà kankan tó lè fi jà.

Ti Poly-Rythmo wá ní ìdíjú mìíràn. Àwọn orin tí wọ́n yọ́ lù fún ilé-iṣẹ́ kékeré, nígbà tí àdéhùn Albarika ṣì wà lọ́rùn wọn, ta ló ni wọ́n? Ẹni tó gbé Nagra wá ni, àbí ẹni tí wọ́n buwọ́ lùwé fún? Ẹnu olórin fúnra rẹ̀ ni olùṣàkójọ ti ń gbọ́ ìtàn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ò rí bí adájọ́ kan á ṣe tú u láàárọ̀ kan.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí ààrẹ buwọ́ lù ní March 2023, sọ pé ohùn inú àwo ní ààbò fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí olórin hun, ní ààbò títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó hun ún. Ẹ fi èyí wo àwo tó jáde ní Èkó ní 1974: ààbò ohùn inú rẹ̀ ti parí nígbà tí 2024 parí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òfin kan náà wọn orin tí Mélomé fúnra rẹ̀ hun, ó di ìparí 2082 kó tó bọ́. Àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ọmọ olórin sábà máa ń dà pọ̀. Wọ́n á gbọ́ pé "àwo bàbá yín ti di ti gbogbo ayé", wọ́n á gbà, wọ́n á sì padà sílé, nígbà tó jẹ́ pé ìdajì nìkan ló di ti gbogbo ayé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2020 yìí, nǹkan ti yí díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwo Acid Jazz ti Lọ́ńdọ̀nù bá Albarika Store ṣe àdéhùn lórí àwọn orin rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo Poly-Rythmo tẹ̀ ní odindi, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré. Àkójọ máa ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀ ni; odindi àwo máa ń bu ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹran àti egungun. Ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ṣe to orin tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí wọ́n ti fi èyí tó rọ̀ sinmi lẹ́yìn èyí tó le. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi léèrè ibi tó yẹ kí ẹni tí kò gbọ́ wọn rí bẹ̀rẹ̀, màá ní kó gbọ́ The Vodoun Effect lẹ́ẹ̀kan kí ara rẹ̀ ta, kó wá pa á tì, kó lọ gbọ́ odindi àwo.

Ọjọ́ tí mo lọ kí Bàbá Àgbádárìgì yẹn, kí n tó dìde, wọ́n ní kí n bá wọn gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo kékeré Poly-Rythmo kan wà níbẹ̀, páálí rẹ̀ ti lọ, ìwé pupa àárín rẹ̀ ti ṣí. Gíràmáfóònù wọn ò ní abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà ojú lásán la fi wò ó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Fọ́ǹkì tó wà ní ojú kìíní ni mo ti gbé sí wọn létí lórí fóònù. Ojú yẹn dúdú, ó ń dán, bíi pé àná ni wọ́n rà á. Wọ́n yí i padà. Rúńbà ló wà ní ojú kejì, abẹ́rẹ́ sì ti họ ọ́ títí ó fi di eérú, débi pé ojú ò rí ìlà inú rẹ̀ mọ́.